Búrẹ́dì Dúdú Méjì

Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ Genovefa lórí ilẹ̀ onípákó,
ó ń lọ yọ púlọ́ọ̀gì.
Kì í wò mí lójú bó bá ń kọjá.
Kọ̀ǹpútà ti sùn láti aago mẹ́jọ,
ṣùgbọ́n àpótí dúdú kékeré tó ń gbé iná fún un,
tó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn tábìlì bí ológbò tó yó,
òun kì í sùn.
Ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ń tàn, àwọ̀ ewé.
"Fọwọ́ kàn án," ni ìyàwó mi máa ń wí.
"Ohun tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ báyìí, ó ń mu nǹkan ni.
Ta ló ń sanwó ohun tó ń mu?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa tíráàmù,
ọkọ̀ irin àárín ìgboro Daugavpils.
Mo mọ iná.
Mo mọ bí wáyà òkè ṣe ń hu kí yìnyín tó bò ó,
mo sì mọ̀ pé títàn-pípa, títàn-pípa ló ń pa ẹ̀rọ:
ìgbà tí iná bá kọ́kọ́ rọ́ wọlé
ló ń gé ẹ̀mí wọn kúrú.
Mo sọ ọ́ fún un ní èdè Latgale,
mo tún un sọ ní èdè Rọ́ṣíà.
Ó ní, èdè wo ni ìwé owó iná ń sọ?

Ọdún kẹsàn-án rè é.
Àwọn kan ń jà nítorí ilẹ̀,
àwa ń jà nítorí ihò méjì lára ògiri.

Ìgbà òtútù tó kọjá, owó iná fò sókè.
Genovefa kà á, ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún un kà.
Lálẹ́ ọjọ́ náà ó yọ gbogbo ilé pátá:
rédíò, ẹ̀rọ kọfí, aago ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Aago kú, a sùn di ọ̀sán, a pàdánù dókítà.
Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ni Raivis, ọmọ ọmọ wa, bá dé láti Rezekne,
ó yọ mítà kékeré kan nínú àpò,
ó fi í sáàárín ògiri àti púlọ́ọ̀gì
bí adájọ́ tó jókòó sáàárín tọkọtaya.
Èmi lápá ọ̀tún, ìyá àgbà lápá òsì.
Kò sẹ́ni tó mí.
Wáàtì méjì.
Ó ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé,
ó ní, lọ́dún kan gbáko, owó búrẹ́dì dúdú méjì ni.

"Ṣé o rí i?" ni mo wí. "Búrẹ́dì méjì!"
"Ṣé o rí i?" ni òun náà wí. "Búrẹ́dì méjì.
Ìdun kò mu ẹ̀jẹ̀ kún ife rí,
ta ló fẹ́ bá a sùn?"

Ó wá dákẹ́, ó ń wo orí tábìlì.
Ó ní ìyá òun, lẹ́yìn ogun,
máa ń fi itọ́ rin ìka,
a fi ṣa ẹ̀rún búrẹ́dì lọ́kọ̀ọ̀kan,
títí pákó tábìlì yóò fi mọ́.
Àádọ́ta ọdún la ti jọ wà. N kò gbọ́ ọ rí.
Mo fẹ́ sọ pé èmi ni mo ń kúnlẹ̀ láràárọ̀ ti púlọ́ọ̀gì náà padà,
pé orúnkún mi náà ní owó tirẹ̀.
Mo gbé e mì.

Raivis ra pákó sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wá,
èyí tó ní bọ́tìnnì lórí: ẹ tẹ̀ ẹ́, ohun gbogbo kú,
kò sí ìkúnlẹ̀, kò sí ìjà.
Iná pupa kékeré kan ń tàn lára bọ́tìnnì náà.
Genovefa bẹ̀rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn.
"Èyí ńkọ́? Ṣé òun kì í mu?"
Ọmọ náà wò mí. Mo yíjú sí fèrèsé.

Alẹ́ ti lẹ́. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.
Mo gbọ́ bọ́tìnnì: kẹ́.
Ó dúró díẹ̀.
Lẹ́yìn náà mo gbọ́ púlọ́ọ̀gì tó ń jáde lára ògiri.
Mo sún kúrò lójú ibi tó ti móoru,
nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tutù.